Nọ́ńbà tí oníbàárà kì í béèrè: bí mo ṣe ń ka ìwé mọ́nítọ̀ onítúùbù

Nígbà tí mọ́nítọ̀ CRT, ìyẹn èyí tó nídìí gbọọrọ, ṣì kún ọjà, ohun méjì ni oníbàárà máa ń béèrè: ínṣì mélòó ni, èló sì ni. Ẹni tó bá ti gbọ́ díẹ̀ nípa kọ̀ǹpútà á fi ẹ̀kẹta kún un, ìyẹn iye píksẹ́lì, àwọn àmì wẹ́wẹ́ tó para pọ̀ di àwòrán, tó lè gbé. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń bá àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà láti yan èyí tí wọn yóò rà, n kò rántí ẹnì kan tó béèrè nọ́ńbà tí mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú ìwé tó ń bá mọ́nítọ̀ wá, ìyẹn iye ìlà tí ẹ̀rọ náà lè fà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n máa ń kọ ọ́ ní kHz, ìyẹn ẹgbẹ̀rún ìlà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíi 30–70 kHz, sí ìsàlẹ̀ ìwé níbi tí ojú kì í tètè dé. Èrò mi ni pé ẹni tó bá lóye nọ́ńbà yìí lè fi í yẹ àwọn yòókù wò, kó sì mọ èyí tí ẹ̀rọ náà lè ṣe ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ láti fi tajà.

Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows, ló fi nọ́ńbà náà hàn mí. Ẹni tó bá fẹ́ kí Linux gbé àwòrán sójú mọ́nítọ̀ láyé ìgbà náà ní láti lo XFree86, ètò tí kì í ṣojúsàájú fún ẹni tí kò ka ìwé. Fáìlì rẹ̀ kan wà tí a máa ń fi ọwọ́ ara wa kọ HorizSync, ìyẹn nọ́ńbà kHz náà, àti VertRefresh, ìyẹn iye ìgbà tí mọ́nítọ̀ ń ya odindi àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, sí, ìwé ìlànà rẹ̀ sì kìlọ̀ pé nọ́ńbà tí kò tọ́ lè ba mọ́nítọ̀ jẹ́. Ìkìlọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdẹ́rùbà lásán. Nínú mọ́nítọ̀ CRT, apá tó ń ti ìtànṣán láti òsì sí ọ̀tún náà ló sábà máa ń pèsè iná ńlá tí túùbù ń lò, nípasẹ̀ ohun tí àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ń pè ní flyback. Bí a bá lé e ju agbára rẹ̀ lọ, yóò kọ́kọ́ máa súfèé, tiransísítọ̀ rẹ̀ yóò gbóná, bí a kò bá sì tètè pa á, ó lè jóná. Àwọn mọ́nítọ̀ tó dé lẹ́yìn ní ọpọlọ tó ń wọn ohun tí kọ̀ǹpútà ń rán sí wọn, tó sì ń kọ̀ ọ́ bí ó bá ju agbára wọn lọ, pẹ̀lú àkọlé kékeré lójú gíláàsì. Àwọn ti àtijọ́ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Láti mọ ìdí tí nọ́ńbà kan fi lè lágbára tó báyìí, a ní láti wo inú túùbù fúnra rẹ̀. Ọdún 1897 ni Karl Ferdinand Braun ṣe irú rẹ̀ ní Strasbourg, ìlú tó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, ìpìlẹ̀ ohun tó ṣe kò sì yàtọ̀ sí ti èyí tí a gbé sórí tábìlì ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Gíláàsì ńlá kan ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ní ọrùn rẹ̀ lẹ́yìn ni irin kékeré kan wà tí wáyà ń mú gbóná, tí í tú ẹ́lẹ́kítírọ̀nù jáde. Níwájú, ní inú gíláàsì tí a ń wò, ni wọ́n kun fọ́sífọ̀ sí, ohun èlò tó máa ń tàn nígbà tí ẹ́lẹ́kítírọ̀nù bá kọlù ú. Iná tó ń fa ẹ́lẹ́kítírọ̀nù náà síwájú nínú mọ́nítọ̀ aláwọ̀ máa ń tó nǹkan bíi fólìtì 25,000. Wáyà bàbà tí wọ́n ká mọ́ ọrùn túùbù, tí wọ́n ń pè ní yoke, ló ń fi agbára òòfà darí ìtànṣán náà láti òsì sí ọ̀tún. Ìtànṣán á fa ìlà kan tán, á paná, á sáré padà sí òsì, á sì bọ́ sórí ìlà tó tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń ro ebè kan tán kó tó bọ́ sórí èkejì, títí yóò fi dé ìsàlẹ̀, kó tó tún gbéra padà sókè. Kò sí ìgbà kankan tí gbogbo àwòrán wà lójú gíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú wa ló ń so ó pọ̀.

Ìṣírò ibẹ̀ kò le rárá. Nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM gbé VGA, ìlànà àwòrán fún kọ̀ǹpútà rẹ̀, jáde ní 1987, àwòrán rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní ìlà 480 tí a ń rí. Ṣùgbọ́n ìlà 525 ni ẹ̀rọ náà ń kà, nítorí ìtànṣán nílò àkókò láti padà sókè, ìlà 45 tó ṣẹ́ kù sì ń lọ nínú òkùnkùn nígbà tó ń padà bọ̀. Bí a bá ń ya àwòrán yìí ní ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 525 lọ́nà 60 jẹ́ 31,500, ìyẹn 31.5 kHz, nọ́ńbà tí a máa ń rí nínú ìwé gbogbo mọ́nítọ̀ VGA. Ẹ jẹ́ ká wá gbé e lọ sókè. Àwòrán 1024×768, ìyẹn píksẹ́lì 1024 ní ìbú àti ìlà 768 ní gíga, tí a bá ń yà ní ìgbà 85 ń lo ìlà 808, a sì nílò nǹkan bíi 68.7 kHz fún un. 1280×1024 ń lo ìlà 1066 bí a bá ń yà á ní ìgbà 60, ìyẹn 64 kHz. Bí a bá fẹ́ ẹ ní ìgbà 85, ó di nǹkan bíi 91 kHz.

Ibí yìí gan-an ni ọgbọ́n àwọn tó ń kọ páálí wà. Mọ́nítọ̀ tí agbára rẹ̀ mọ sí 70 kHz lè fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ síta pé òun gbé 1280×1024, kò sì purọ́. Ohun tí kò sọ ni pé kò lè yà á ju nǹkan bí ìgbà 65 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye tí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fara dà títí ọjọ́ iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹni tó bá rà á nítorí 1280×1024 ti ra ohun tí kò ní lò, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé. Mo tún ní ẹ̀sùn kékeré kan sí 1280×1024: gíláàsì CRT jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́ta ní ìbú àti gíga, àwòrán yìí sì jẹ́ márùn-ún sí mẹ́rin, nítorí náà, bí a bá fẹ̀ ẹ́ kún gíláàsì, gbogbo òbírí á fẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. 1280×960 ló bá a mu, àmọ́ àwọn tó ń ta mọ́nítọ̀ kì í dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iye ìgbà yìí yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀, nítorí ara ni ó ń bá jà. Fọ́sífọ̀ tí wọ́n ń lò nínú mọ́nítọ̀ aláwọ̀ tètè máa ń kú lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti kọjá lórí rẹ̀, nítorí náà, bí ìtànṣán kò bá tètè padà, ojú á rí i pé iná ń ṣẹ́jú. Ó hàn jù bí a bá ń fi igun ojú wò ó, ó sì hàn jù lórí ojú ewé funfun ju orí dúdú lọ. Mọ́nítọ̀ aláwọ̀ ewé ti IBM ayé àtijọ́, 5151, kò ní wàhálà yìí púpọ̀, nítorí wọ́n lo fọ́sífọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n lẹ́tà tí a bá sún lójú rẹ̀ máa ń fa ìrù lẹ́yìn. Ọ̀nà mìíràn tí wọ́n gbà sá fún iye owó kHz ni kí wọ́n ya ìlà kan kí wọ́n fo ìkejì, kí wọ́n wá padà ya àwọn tí wọ́n fò. Báyìí ni mọ́nítọ̀ IBM 8514 ṣe gbé 1024×768 ní 1987. Odindi àwòrán kan kò pé ju ìgbà 43 àti ààbọ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú rẹ̀ á máa gbọ̀n lójú ẹni. TCO, àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní Swídìn, ló fi òpin sí àríyànjiyàn náà fún mi: nínú òfin wọn tí wọ́n pè ní TCO'99, mọ́nítọ̀ CRT tó bá fẹ́ gba òǹtẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ lè ya àwòrán rẹ̀ ní ìgbà 85 ó kéré tán. Ó wù mí pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló gbèjà ojú òṣìṣẹ́, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ. Ní ọ̀pọ̀ káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tí mo wọ̀ nílé wa, ìgbà 60 tí Windows fúnra rẹ̀ mú ni wọ́n fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́nítọ̀ náà lè ṣe 85, kò sì ju kí a ṣí ojú ìwé ètò kan kí a yan nọ́ńbà mìíràn.

Nọ́ńbà kejì tí mo máa ń wò ni dot pitch, àlàfo tó wà láàárín ojú fọ́sífọ̀ kan àti èkejì rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ kan náà. Mọ́nítọ̀ aláwọ̀ ní ìtànṣán mẹ́ta, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù, irin pẹlẹbẹ tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ sì wà lẹ́yìn gíláàsì tí kì í jẹ́ kí ìtànṣán kan ṣìnà lọ sórí àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Sony ní 1968 fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n nà tantan láti òkè dé ìsàlẹ̀ rọ́pò irin oníhò náà nínú túùbù rẹ̀ tó ń jẹ́ Trinitron, Mitsubishi náà sì ṣe irú tirẹ̀ lẹ́yìn náà, Diamondtron. Ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá pọ̀ sí i, gíláàsì sì tẹ́jú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nítorí pé wáyà náà lè gbọ̀n, wọ́n fi òwú irin kan tàbí méjì dè é ní ìdábùú, òjìji òwú náà sì máa ń hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lórí ojú ewé funfun. Mo ti rí oníbàárà tó kọ Trinitron tó dára sílẹ̀ nítorí ìlà yìí, tó ní gíláàsì rẹ̀ ti sán. Ẹni tó mọ̀ á dákẹ́, á sì ná an wálẹ̀.

Dot pitch ni ibi tí ìwé ti máa ń fi ọ̀gbọ́n àyínìke bá ni lò jù. 0.28 mm lórí mọ́nítọ̀ oníhò àti 0.25 mm lórí onírin wáyà kò ṣeé gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà, nítorí ti àkọ́kọ́ ni wọ́n wọ̀n ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́, ti ìkejì ni wọ́n wọ̀n lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́. Bí a bá yí 0.28 ti ìdágẹ̀ẹ́rẹ́ sí ti ẹ̀gbẹ́, ó di nǹkan bíi 0.24. Àwọn ilé iṣẹ́ kan mọ èyí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ti ẹ̀gbẹ́ síwájú páálí mọ́nítọ̀ oníhò wọn kí nọ́ńbà lè kéré lójú. Bí a bá ti mọ èyí tí wọ́n wọ̀n, ìṣírò á dán mọ́rán. Mọ́nítọ̀ ínṣì 17 kì í ní ju ínṣì 16 tí a lè rí lọ; ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 325 mm. Pín in sí 0.24, ó di nǹkan bí ojú 1,350 láti òsì dé ọ̀tún. Píksẹ́lì 1280 fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un, ó wọ̀ ọ́ fún-un-fún. Ínṣì 15 tí a ń rí 13.8 nínú rẹ̀ kò ní ju 1,170 lọ, nítorí náà bí ó bá kọ 1280×1024 sára, ó lè gbà á wọlé, ṣùgbọ́n kò ní ojú fọ́sífọ̀ tó lè fi gbogbo rẹ̀ hàn, lẹ́tà kékeré á sì wà bí ẹni pé omi ta sí i.

Ti ínṣì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Odindi túùbù ni wọ́n ń wọ̀n, títí kan etí tí ike ara mọ́nítọ̀ bò mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1990, láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ iye tí a lè rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti bandwidth, ìyẹn iye píksẹ́lì tí ẹ̀rọ lè gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, náà kò pẹ́: 1024×768 ní ìgbà 85 ń béèrè 94.5 MHz, ìyẹn mílíọ̀nù 94.5, mọ́nítọ̀ tí tirẹ̀ bá sún mọ́ ibẹ̀ jù yóò fa ìlà dúdú tó dúró ṣánṣán bí ẹni pé tàdáwà rẹ̀ ń tàn káàkiri, ohun tí àwọn tó ń to ìwé ìròyìn mọ̀ dáadáa.

Ohun kan wà tí ìwé kì í kọ, tó sì kàn wá nílẹ̀ Yorùbá ju àwọn tó kọ ìwé náà lọ. Nítorí pé òòfà ló ń darí ìtànṣán, òòfà mìíràn tó bá wà nítòsí náà lè darí rẹ̀. Nínú ọ́fíìsì wa láyé mọ́nítọ̀ CRT, kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní stabilizer, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ mọ́nítọ̀ gan-an tàbí kí wọ́n gbé mọ́nítọ̀ lé e lórí. Ẹ̀rọ bàbà ńlá tó wà nínú stabilizer ń fọn agbára òòfà jáde ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá, nítorí iye tí iná mànàmáná wa ń lò nìyẹn. Bí mọ́nítọ̀ bá ń ya àwòrán ní ìgbà 60, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 50 àti 60 jẹ́ 10, gbogbo àwòrán á sì máa mì lẹ́gbẹ̀ẹ́lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n á pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ á tú mọ́nítọ̀, á gba owó, kò sì sí ohun tó ṣe mọ́nítọ̀. Bí a bá gbé stabilizer lọ sí ìsàlẹ̀ tábìlì, ó parí. Ẹ jọ̀wọ́, èyí sì ni àṣìlò tó rọrùn láti tún ṣe jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Òòfà ayé fúnra rẹ̀ náà ní ìpín tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, agbára òòfà ayé dorí kọ ilẹ̀ gan-an. Ní Èkó àti Ìbàdàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀, nítorí ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Apá tó dorí kọ ilẹ̀ yìí ni í ti ìtànṣán sí ẹ̀gbẹ́, kúrò lórí pupa sórí àwọ̀ ewé. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì máa ń to mọ́nítọ̀ olówó ńlá yàtọ̀ síra fún àríwá ayé, fún gúúsù ayé, àti fún agbègbè agbedeméjì. Ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ti àríwá ni wọ́n tò ó fún. Bí a bá tàn án lórí ojú ewé funfun ní Èkó tí a sì rí àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú ní igun rẹ̀, degauss lè ràn án lọ́wọ́, ìyẹn ìró gbùùù tí a máa ń gbọ́ bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, níbi tí wáyà kan tó yí gíláàsì ká ti ń nu òòfà tó ti lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀ kúrò. Nígbà mìíràn kì í mọ́ tán, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ní láti fi ọwọ́ tún un tò.

Lẹ́yìn mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ náà ni nọ́ńbà kan wà tí kì í jẹ́ ká padà sílé láìní ẹ̀rọ: AC 100–240 V. Èyí tó bá kọ 120 V nìkan, Amẹ́ríkà ló ti wá, èéfín sì ni yóò kọ́kọ́ fi kí ẹni tó bá kì í bọ iná wa. Ní ti ìwúwo, òjé tó wà nínú gíláàsì wà lára ohun tó fà á. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí ó lè dá X-ray dúró, ó sì lè tó kìlógírámù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé yìí kan náà ló sọ mọ́nítọ̀ tó ti kú di wàhálà. Ní 2005, Basel Action Network, ẹgbẹ́ kan láti Amẹ́ríkà tó ń tako kíkó pàǹtírí olóró lọ sí ilẹ̀ mìíràn, ṣe ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń wọ Èkó, wọ́n sì rí i pé púpọ̀ nínú ẹrù náà kò ṣeé tún ṣe, ààtàn ló ń bọ́ sí, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun ún.

Lónìí, àwọn tó ń wá CRT kiri ni àwọn tó fẹ́ràn géèmù àtijọ́, owó tí wọ́n sì ń san lórí Sony GDM-FW900 ya ni lẹ́nu: ínṣì 24 tó fẹ̀, 30–121 kHz, 2304×1440 ní ìgbà 80, ó sì wúwo tó kìlógírámù 42. Ìwé rẹ̀ lẹ́wà láti kà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ẹ̀rọ náà jẹ́ tuntun ni gbogbo nọ́ńbà inú ìwé ń ṣàpèjúwe, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó sọ bí túùbù ṣe gbó tó. Irin tó ń tú ẹ́lẹ́kítírọ̀nù jáde ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán á máa pẹ́ kó tó mọ́lẹ̀, àwọ̀ kan lè kọ́kọ́ dé kí èkejì tó bá a, lẹ́tà funfun á sì máa wú nígbà tí a bá gbé ìmọ́lẹ̀ sókè. Gbogbo àmì wọ̀nyí máa ń fara hàn ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ fi tutù. Nítorí náà, bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ ta CRT tí mo rí i pé ó ti tàn án sílẹ̀ dè mí, ọwọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé lé ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó, kí n tó ní kó pa á, kí a jókòó ná.